Nọ́ọ̀sì Kì í Ṣe Ọ̀tá Wa

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ ọdún yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé màá sọ̀rọ̀ lórí owó yíyá àti bí a ṣe ń san án padà. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní dárúkọ onígbèsè kankan lónìí. Ẹ ṣeun, mo gbọ́ àtẹ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ àwọn kan tí gbogbo wa ń bá pàdé, tí a kì í sì í rò nípa wọn bí a bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn: àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ sọ ìṣòro tí wọ́n ń kojú lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ sọ èyí tí àwa fúnra wa ń dá kún un.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló kan aláṣọ nínú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì? Ohun méjì ló kàn mí níbẹ̀. Èkíní, ọmọ mi obìnrin kejì, nọ́ọ̀sì ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Èkejì, mo ṣẹ nọ́ọ̀sì kan ní ọdún 2019, mi ò sì tíì rí i bẹ̀ títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ 2019

Ọ̀kan nínú wa, tó jókòó síbí lónìí, tó fún mi láyè láti sọ ọ́ ṣùgbọ́n tó ní kí n má dárúkọ òun, tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ nínú ọjà. Ìṣó náà gún un wọlé. Ó fi epo gbígbóná sí i, ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ. Àwa náà ò mọ̀. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa kú díẹ̀díẹ̀ débi pé kò ní mọ ìrora, egbò ibẹ̀ kì í sì í tètè jiná. Nígbà tí a fi máa mọ̀, ẹsẹ̀ ti wú, ó ti ń rùn, ibà ti dé. Ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A ò lọ lẹ́ni méjì o. Mọ́tọ̀ akérò kan la há kún. Àwa mẹ́rìnlá la rọ́ wọ wọ́ọ̀dù.

Nọ́ọ̀sì kan ló wà níbẹ̀, ọmọ tí kò lè ju ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni méjì péré ló lè dúró." A ò dá a lóhùn. Ó tún un sọ. Èmi akọ̀wé yín, tí ẹ máa ń sọ pé mo ní sùúrù, èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ní, "Ìwọ ọmọ àná yìí, ká ní ìyá tìẹ ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ṣé wàá sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ìkà ni yín." Ẹlòmíràn lára wa sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan tiẹ̀ ṣépè. Ọmọ náà ò fèsì. Ó kàn yíjú padà, ó ń wá iṣan lọ́wọ́ aláìsàn wa kó lè fi omi sí i lára.

Lẹ́yìn náà ló mú bébà kan wá, ó ka ohun tí dókítà ní kí a rà: ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, omi, oògùn tó ń pa kòkòrò egbò, àti oògùn àtọ̀gbẹ. Owó tó wà lọ́wọ́ àwa mẹ́rìnlá ò ju owó mọ́tọ̀ lọ, nítorí ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ọjà, gbogbo wa ti kó owó lé ọjà. Mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní, "Ẹgbẹ́ wa lówó. Ẹgbẹ́ máa san án." A bá gbọ̀nà ilé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹgbẹ́ wa lówó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé òfin wa nígbà náà ni pé kí owó tó jáde, ààrẹ, akápò àti akọ̀wé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó fẹ́ gbà á sì gbọ́dọ̀ ní onídùúró méjì. Akápò wa wà níbi òkú ní Ìjẹ̀bú. Báńkì ò ṣí ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi, mo sì ní mi ò ní gbé e kúrò nílẹ̀ àfi tí onídùúró méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Òfin lòfin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni owó tó jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti Ẹtì sí Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Mi ò sọ pé ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló gé ẹsẹ̀. Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹsẹ̀ náà ti bàjẹ́ púpọ̀ kí a tó gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọjà, kí la sọ? A ní nọ́ọ̀sì ni. A ní wọn ò tètè tọ́jú rẹ̀, a ní wọ́n ń gbéra ga. Èmi gan-an ni mo gbé ìròyìn náà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo ń to rìsíìtì ilé ìwòsàn náà mọ́ fáìlì nítorí pé ọ̀dítọ̀ ń bọ̀. Rìsíìtì mẹ́tàlá ni. Mo fi wọ́n wé owó tí ẹgbẹ́ san. Méjìlá bára mu. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù, ₦4,200. Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ló wà lórí rẹ̀, nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku díẹ̀. Ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, omi àti oògùn àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ aláìsàn wa, wọ́n ní àwọn kọ́. Mo bi àwọn mẹ́tàlá tí a jọ lọ, kò sẹ́ni tó san án. Mo bá fóònù ọmọ mi, mo ka rìsíìtì náà fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló rà á. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ara mi bù máṣọ. Ọmọ tí mo pè ní ìkà lójú gbogbo ayé ló fi owó àpò rẹ̀ ra oògùn fún ènìyàn wa lẹ́yìn tí a ti bú u tán, tí a ti gbọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo mú owó náà àti àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà dání, mo lọ síbẹ̀. Wọ́n ní kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Sàúdí. Owó yẹn ṣì wà nínú ìwé mi. Màá padà sórí rẹ̀.

OHUN TÍ ỌMỌ MI KỌ́ MI

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ọmọ mi léèrè iṣẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń bi aláràtúntà léèrè bí ọjà ṣe ń lọ. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ohun tí mo mọ̀ ni pé aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó sọ fún mi.

Èkíní ni iye ènìyàn. Bí oníbàárà mẹ́fà bá dé sí ìsọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn mi á pòrúùrù. Bí ẹni méjì bá bínú lọ sí ìsọ̀ kejì, ọjà ọ̀la ń bẹ. Ní wọ́ọ̀dù tí ọmọ mi wà, nọ́ọ̀sì méjì lè wà pẹ̀lú ọgbọ̀n aláìsàn lóru. Nígbà míì, ẹyọ kan ni, pẹ̀lú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Aláìsàn kan ń ké ìrora, omi ẹnì kan ti tán, ẹnì kan ń mí gúlegúle, ẹbí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bínú. Ta ni kó kọ́kọ́ dá lóhùn? Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù ni. Ẹni tó ń pariwo jù sì kọ́ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó dákẹ́ lójijì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, bí ẹ bá pè é tí kò dé, ẹ má tètè sọ pé ìgbéraga ni.

Èkejì ni àkókò iṣẹ́. Iṣẹ́ òwúrọ̀ wà, ti ọ̀sán wà, ti òru wà. Ti òru lè gùn tó wákàtí méjìlá. Àwa ọlọ́jà ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a sùn kí a tó jí. Tí ẹni tó yẹ kó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kò bá dé, kò gbọdọ̀ fi aláìsàn sílẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ mi ti ṣiṣẹ́ òru mọ́ òwúrọ̀ rí. Ọjọ́ Kérésì, ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ tí wọ́n ń dìbò, ó lè bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ kékeré ń gbé lọ́dọ̀ mi ju ìdajì ọ̀sẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà pe èmi ní "mọ́mì", ó pe ìyá rẹ̀ ní "áńtì". Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni irinṣẹ́. Ẹ ní kí n gé aṣọ láìsí àlùmágàjí, láìsí ọ̀pá tí a fi ń wọn aṣọ, ṣé ó lè ṣe é ṣe? Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ọ̀sì lè dé ibi iṣẹ́ kó bá a pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń lò. Iná lè lọ nígbà tí aboyún ń rọbí, kí jẹnẹrétọ̀ má ní dísù, wọ́n á sì fi iná fóònù gbẹ̀bí. Omi ẹ̀rọ lè dá, wọ́n á fi korobá pọnmi. Ẹni tí kò rí omi fọ ọwọ́ ni a sì ń retí pé kó fọ ọwọ́ rẹ̀ láàárín aláìsàn kan àti èkejì.

Ẹ̀kẹrin ni ewu. Abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara aláìsàn lè gún nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì fura pé aláìsàn náà ní kòkòrò HIV, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kí wákàtí 72 tó pé, yóò sì lò ó fún ọjọ́ 28. Oògùn náà máa ń fa èébì àti àárẹ̀, ó sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún mi títí tó fi lò ó tán. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ bọ́ nínú tiwọn. Ẹ rántí ọdún 2014, nígbà tí àìsàn Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje. Gbogbo wa mọ orúkọ Dókítà Ameyo Adadevoh, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló mọ Justina Ejelonu? Nọ́ọ̀sì ni. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà, oyún sì wà nínú rẹ̀. Ibi tó ti ń tọ́jú aláìsàn tó mú àrùn náà wọlé ló ti kó o, ó sì kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Nínú oṣù Kẹwàá ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Àwọn tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ni kò jẹ́ kó dé ọjà wa.

Ẹ̀karùn-ún ni agbára ara. Aláìsàn tí kò lè gbéra, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí i padà ní bíi wákàtí méjì méjì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò. Àgbàlagbà tó tóbi bí èmi yìí ni wọ́n ń yí o. Ẹ̀yìn ń dun ọmọ mi bí ẹni tó ti ń ru ẹrù láti ogún ọdún.

Ẹ̀kẹfà, èyí tí mi ò rò rí, ni ọkàn. Ọmọ mi sọ pé lọ́jọ́ kan, ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kan kú mọ́ òun lọ́wọ́ ní aago mẹ́ta òru. Ó nu ara rẹ̀, ó dì í, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó di ìyá ọmọ náà mú. Omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀ tí ẹbí aláìsàn mìíràn fi sọ pé, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ kì í tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ènìyàn." Ó ní òun tọrọ àforíjì, òun rẹ́rìn-ín músẹ́, òun sì fún aláìsàn wọn ní oògùn rẹ̀.

Ẹ̀keje ni ìwọ̀sí, èyí sì jẹ́ tiwa. Èébú, èpè, ìjà. Àwọn ẹbí aláìsàn ti gbá nọ́ọ̀sì létí rí. Ẹni tí inú ń bí sí àìsàn, sí àìlówó, sí ìjọba, nọ́ọ̀sì ló máa rí bínú sí, torí òun ló wà nítòsí.

OHUN TÍ A RÒ PÉ ÌKÀ NI

Àwọn nǹkan kan wà tí nọ́ọ̀sì ń ṣe tó ń bí wa nínú, tó sì nídìí.

A máa ń sọ pé, "Ó ti bi mí lórúkọ nígbà mẹ́ta, ṣé kò létí ni?" Létí rẹ̀ ló wà. Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn, kí wọ́n rí i dájú pé ẹni náà gan-an ni, pé oògùn náà gan-an ni, pé ìwọ̀n rẹ̀ tọ́, pé ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara tọ́, pé àkókò rẹ̀ tọ́. Ìyá Ṣadé mélòó ló wà nínú ọjà wa? Tí wọ́n bá gbé oògùn Ìyá Ṣadé kan fún Ìyá Ṣadé kejì ńkọ́?

A máa ń sọ pé wọ́n febi pa ènìyàn wa kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Oúnjẹ tó bá wà nínú ikùn lè gòkè wá nígbà tí oògùn oorun bá mú un, kó sì gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn lè pani. Ẹni tó fi mọ́ínmọ́ín pamọ́ sínú àpò wọlé, tó ní òun ń ṣàánú, ewu ló gbé wọlé.

A máa ń sọ pé, "Wọ́n kàn ń kọ̀wé ni, wọn ò tọ́jú ènìyàn." Ẹ̀yin tí ẹ ń tàwìn, bí ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló máa rántí? Nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé gbọ́dọ̀ fi aláìsàn lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé: oògùn tó lò, omi tó mu, ìtọ̀ tó tọ̀, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, bí ẹni pé wọn ò ṣe é ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló ń dá iye lé oògùn. Kì í ṣe òun ló ń gba owó. Òun ni wọ́n kàn rán sí wa.

Ẹ má rò pé mo ní gbogbo nọ́ọ̀sì ló dára o. Ọmọ tí a bí nínú ọjà ni mí, mo mọ̀ pé kò sí ìsọ̀ tí kò ní ẹlẹ́nu mímú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jágbe mọ́ aboyún, tí wọ́n ń tẹ fóònù nígbà tí aláìsàn ń pè. Mi ò wá gbè wọ́n. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ lọ bá mátíróònù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn lè ṣàtúnṣe. Èpè ò lè ṣe é.

ÀWỌN TÓ Ń LỌ

Ẹ mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì wa ń lọ sókè òkun. Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà, Kánádà, Sàúdí. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé ìlànà jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí sí ìwé àṣẹ rẹ̀ fún òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tó gba ìwé náà. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn. Ní òpin oṣù Keje 2025, ẹgbẹ́ wọn da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọlọ́jọ́ méje ni wọ́n pè é, wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀. Wọ́n béèrè fún owó iṣẹ́ òru tó dára sí i, wọ́n sì ní kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i. Nínú ọjà, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé owó nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo bi í pé, "Ìwọ, ọ̀fẹ́ lo ń ta ata?"

Wọ́n ti ń jìyà ìwọ̀sí tipẹ́. Màmá Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1915, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ní 1946, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London. Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó ní òun ò fẹ́ kí dúdú fọwọ́ kan òun. Màmá náà ò tìtorí èyí padà sílé. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà wá sí Nàìjíríà, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù àgbà ní UCH Ìbàdàn. Òun fara da ìwọ̀sí lọ́wọ́ òyìnbó, ó sì padà wálé wá tọ́jú wa. Àwọn ọmọ òní ń gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ àwa ìyá wọn, wọ́n sì ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a ro ìyẹn.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Mo mọ̀ pé ayẹyẹ la wà, kì í ṣe ìpàdé. Màá gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí wá sí ìpàdé àpapọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ lè dìbò lé e. Ṣùgbọ́n ẹ máa rò ó lọ.

1. Kí a ní àpótí pàjáwìrì tó yàtọ̀ sí owó yíyá. Kò ní béèrè onídùúró. Ẹni méjì nínú àwọn mẹ́ta tó ń fọwọ́ sí owó tó, kódà lórí fóònù, kí owó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ìpàdé pinnu iye tó gbọ́dọ̀ mọ. Rìsíìtì ni kí a fi ṣe ìṣirò lẹ́yìn náà.

2. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, kí ẹni méjì máa tẹ̀ lé e, ọ̀kan láti dúró tì í, ọ̀kan láti máa sáré owó àti oògùn. Àwa yòókù, kí a jókòó sí ọjà ká máa bá a ta ọjà rẹ̀. Ìyẹn ló máa wúlò fún un jù.

3. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a pe nọ́ọ̀sì wá sí ọjọ́ ìpàdé láti wo ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo wa. Kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ká ní a ti ń ṣe èyí ṣáájú 2019, ẹni wa ì bá ti mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ kí ìṣó tó gún un.

4. Kí a wọ ètò ìlera adójútòfò ìpínlẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Láti 2022 ni òfin àpapọ̀ ti sọ pé kí gbogbo ènìyàn wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ ìjọba nìkan. A ń dá àjọ aṣọ ẹbí, a lè dá ti ìlera.

5. Àwọn tí ara wọn le, kí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ kí ìṣòro tó dé. Obìnrin tó yege lè ṣe é ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì tó ń wá ẹ̀jẹ̀ lóru fún abiyamọ mọ ohun tí mò ń sọ.

6. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé, ọjọ́ tí wọ́n bí Florence Nightingale ní 1820. Kí a rán ẹni méjì lọ kí àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù. Páálí ìbọ̀wọ́ kan àti ọṣẹ ìfọwọ́ tó. Kí a sì sọ pé "ẹ ṣeun". Ọmọ mi ní lọ́dún kan, bàbá kan padà wá láti oko, ó gbé iṣu mẹ́ta wá fún wọn. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ iṣu náà títí di òní.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ìyá mi, àpòòwé kan nìyí lọ́wọ́ mi. ₦4,200 ló wà nínú rẹ̀, owó nọ́ọ̀sì yẹn. Mo mọ̀ pé ohun tí ₦4,200 rà ní 2019, kò lè ra ìlàjì rẹ̀ lónìí. Nítorí náà, mo ti fi ti ara mi lé e, ₦20,000, èyí tó jẹ́ owó ìtanràn fún ẹnu mi. Bí ẹ bá gbà ní ìpàdé pé kí a dá àpótí pàjáwìrì sílẹ̀, mo fẹ́ kí èyí jẹ́ owó àkọ́kọ́ tó máa wọ inú rẹ̀. Bí ẹ ò bá gbà, màá tún máa gbé e kiri nínú ìwé mi ni.

Arábìnrin wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì ń ta ẹ̀fọ́ rẹ̀. Orí àga ló ti ń tà á báyìí. Nígbà tí mo sọ fún un pé màá sọ ọ́ níbí, ó ní, "Akọ̀wé, bá mi sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì yẹn di ọwọ́ mi mú lóru ọjọ́ yẹn títí tí mo fi sùn. Ẹ̀yin ti lọ sílé." Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi.

Ọlọ́run yóò fún ẹgbẹ́ wa ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mìíràn. A ò ní fi owó ọjà tọ́jú àìsàn. Bí ó bá sì di dandan kí a dé ilé ìwòsàn, a ó bá nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ níbẹ̀, òun náà á sì bá ọmọlúàbí pàdé. Ẹ máa jẹun, ẹ máa jó, ẹ sì má gbàgbé pé ìpàdé àpapọ̀ ń bọ̀.